Ẹni Keje Nínú Àwọn Méjìlá

Glasgow,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kínní, ọdún 2025.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọyẹ́. Mo mọ̀ pé ọyẹ́ á ti máa la ètè gbogbo ará Gàmbàrí báyìí, màmá mi á sì ti máa fi òrí pa yín lẹ́sẹ̀ ní tipátipá. Àlàáfíà ni mo wà. Òtútù ibí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Yìnyín bọ́ láàárọ̀ àná, ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mo wọ̀ lé ara wọn. Ṣùgbọ́n mò ń jẹun, mò ń kírun, ẹ má jẹ́ kí màmá mi dààmú.

Bí a ṣe ṣàdéhùn náà ni mo ṣe é: mo tẹ lẹ́tà yìí, mo fi ránṣẹ́ sórí fóònù màmá mi. Ẹ kọ tiyín sórí fúlúsíkáàpù, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ fún mi. Òótọ́ lẹ sọ, fóònù máa ń jẹ ìdajì ọ̀rọ̀.

Ẹ bi mí ní pápákọ̀ òfurufú lọ́jọ́ tí mò ń lọ pé kí ni mo fẹ́ lọ kọ́ gan-an, ẹkún kò sì jẹ́ kí n dáhùn. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn báyìí. Ọ̀gá mi níbí, obìnrin àgbà kan tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi, ní kí n wá ọ̀nà tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fi ń mọ iye ènìyàn tó rí iṣẹ́, iye ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, àti iye àyè iṣẹ́ tó ṣófo tí kò tíì rí ẹni gbà á. Àwọn àkọsílẹ̀ yẹn là ń pè ní dátà. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń bi àwọn ilé-iṣẹ́ lóṣooṣù pé ẹni mélòó lẹ gbà, mélòó ló fi yín sílẹ̀, mélòó lẹ dá dúró, àyè mélòó ló ṣófo lọ́dọ̀ yín. Ní Denmark, bí ọ̀gá kan bá ti san owó oṣù, ìjọba ti mọ̀. Bí orúkọ èèyàn kò bá sí nínú ìwé lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí i. Níbí, ilé kan náà ni àwọn oníbèéèrè máa ń padà sí lẹ́ẹ̀marùn-ún, oṣù mẹ́ta mẹ́ta síra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ kì í ṣílẹ̀kùn fún wọn mọ́.

Tí mo bá wá dé orí Nàìjíríà, ojú ewé mi máa ń funfun ni. Ìwádìí wà o, àwọn òṣìṣẹ́ ìṣirò wa sì ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn ṣe ń ti inú iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, tàbí bọ́ sílẹ̀ gbáà, díẹ̀ ni mo rí. Ọ̀gá mi ní kí n kọ́kọ́ dán àwọn ìbéèrè mi wò lọ́dọ̀ ènìyàn méjìlá ní ìlú mi. Bàbá mi, ẹ̀yin ni mo fẹ́ rán. Fọ́ọ̀mù wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín ní àdúgbò Challenge.

Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, nọ́ńbà nìkan ni kí ẹ kọ. Ẹ má fi kún ohun tí ènìyàn bá sọ, ẹ má sì yọ níbẹ̀. Àmánà ni, wọ́n fọkàn tán wa ni. Tí irọ́ kan ṣoṣo bá wọ inú àwọn méjìlá, mi ò ní mọ èyí tó jẹ́ irọ́, gbogbo rẹ̀ á bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ kì í jẹ́ kí ẹ ráyè. Sátidé nìkan ni kí ẹ máa ṣe é. Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé-iṣẹ́ ọṣẹ, pàápàá àwọn tẹ́ ẹ jọ ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀.

Ọmọ yín,
Qudrah.


Gàmbàrí, Ìlọrin,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Àwẹ̀ró mi,

Kí Ọlọ́hun máa ṣọ́ ọ ní ibi tí ojú wa kò tó. Lẹ́tà rẹ dé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. O kọ ọ́ bí ẹni kọ ìwé sí gómìnà. Odidi ojú ewé lo fi ro ẹjọ́ Amẹ́ríkà àti Denmark, ìlà kan péré lo fi ro ti ara rẹ. Nígbà mìíràn, kọ́kọ́ sọ ohun tí o jẹ fún wa. Ìyá rẹ wo fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, ó ní egungun ọrùn rẹ ti yọ. Mo ní kóòtù ló ṣe é, kò gbà.

Nígbà tí mo rí "dátà" nínú lẹ́tà rẹ, mo rò pé èyí tí à ń rà sórí fóònù ni. Mo pe ìyá rẹ, mo ní, "Jummai, ṣé ọmọ yìí fò tó bẹ́ẹ̀ lọ kọ́ nípa dátà?" Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi wá ibi jókòó.

Mo ti bi ènìyàn márùn-ún. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe kékeré. Ẹni kìíní, obìnrin tó ń ránṣọ ní àdúgbò wa, wo bébà ọwọ́ mi, ó ní, "Bàbá Qudrah, ṣé ẹ ti wọ òṣèlú ni?" Mo ní ọmọ mi ló rán mi. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe owó orí ni wọ́n fẹ́ fi mú wa?" Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó gbà kí n jókòó. Nígbà tó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n lọ kírun.

Ẹni kẹta jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tó ti jáde yunifásítì láti ọdún mẹ́rin. Mo ka ìbéèrè kẹrin rẹ fún un: ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ṣé o ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, ó kéré tán, tí o sì gba owó tàbí nǹkan mìíràn sí i? Ó ní òun ru sìmẹ́ǹtì ní Àlàrùbá níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Mo ní, "A jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni." Ó ní, "Ẹ túmọ̀ sí pé mo níṣẹ́?" Mo ní fọ́ọ̀mù ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n bá òun kọ ọ́ dáadáa, pé inú ìyá òun á dùn láti gbọ́.

Ìbéèrè tí o ti ní níbo ni wọ́n ti rí ìkéde iṣẹ́ wọn, gbogbo wọn ló fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnì kan ní ibi ìsọmọlórúkọ lòun ti gbọ́ tòun, láàárín ẹni tó ń pín omi àti ẹni tó ń gbà á. Àna ẹlòmíràn ló pè é. Kò sí ẹni tó rí nǹkan kan lójú pátákó. Ẹnu ni pátákó wa.

O ní kí n kí àwọn ará ilé-iṣẹ́. Mo gbọ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun lórí ohun gbogbo.

Bàbá rẹ,
Ṣàmsúdéènì Àlàó.


Glasgow,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ̀bà ni mo jẹ. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá, ẹja rẹ̀ kò dára tó ti ilé. Gàrí tí màmá mi dì fún mi ti ku ago méjì. Egungun ọrùn mi ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ẹ bá mi sọ fún wọn.

Ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́hun á san yín ní ẹ̀san rere. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́kùnrin onísìmẹ́ǹtì yẹn fún ọ̀gá mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìdí tí wọ́n fi fi wákàtí kan ṣe òṣùwọ̀n ni pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè lè lo òṣùwọ̀n kan náà, ṣùgbọ́n pé kóńgò kan náà lè wọn ìrẹsì, ó sì lè wọn iyanrìn. Ó tún sọ ohun kan tí mo kọ sí ẹ̀yìn ìwé mi: ẹni tí o bá bi lẹ́ẹ̀kan, o mọ ibi tó dúró sí, o kò mọ ibi tó ti ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń padà lọ bi ẹni kan náà léèrè. Tí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa, a ó padà sọ́dọ̀ àwọn méjìlá yín lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Nínú àwọn márùn-ún tí ẹ kọ, kò sí ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọdún kan. Irú wọn ló ṣòro jù láti rí, nítorí wọn kì í fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nílé-iṣẹ́, ẹ ò ní ṣàìmọ ẹnì kan. Ẹ fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún un pé kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé òun ni.

Mo pè yín ní Àtàláátà, agogo mẹ́wàá àárọ̀, ẹ ní ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, ariwo ẹ̀rọ ìlọta ni mò ń gbọ́ lẹ́yìn yín. Ṣé wọ́n ti ń fi ata se ọṣẹ ni? Mò ń ṣeré o.

Ọmọ yín tó ń sá fún òtútù,
Qudrah.


Gàmbàrí, Ìlọrin,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Àwẹ̀ró,

Mo kí ọ, mo kí ọ̀gá rẹ tó mọ̀ pé kóńgò lè wọn iyanrìn. Ọ̀rọ̀ àgbà ló sọ.

Àwọn méjìlá ti pé, fọ́tò fọ́ọ̀mù wọn wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹni keje nìkan ni mo kọ síbí, nítorí àyè inú fọ́ọ̀mù kò gbà á.

Ọkùnrin ni. Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan fún ọdún mẹ́rìnlélógún. Iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Àtàláátà, ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá. Ìdí: wọ́n ní epo ti wọ́n jù, wọ́n pa ẹ̀ka tó wà dé. Wọn kò bú u, wọn kò fẹ̀sùn kàn án. Wọ́n fún un ní lẹ́tà kan àti páálí ọṣẹ kan, ó gbé e lórí ọ̀kadà dé ilé.

Ṣé ó ti wá iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin? Rárá. Ó ní òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń wá a. Èyí tí òun ṣe, òun kò wá a rí, wọ́n pe òun ni.

Ṣé ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá? Bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún ẹ́ńjìnnì ìlọta kan ṣe ní ọjà Ipata ní Àtàláátà, ọjọ́ kọkànlá oṣù yìí. Wákàtí kan àbọ̀. Obìnrin tó ni ín bu ata fún un.

Ta ló mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ìyàwó rẹ̀ nìkan. Agogo mẹ́fà àbọ̀ ló ṣì máa ń jáde nílé, bó ṣe máa ń jáde tẹ́lẹ̀. Tó bá ti dé ìta, ó máa ń dúró díẹ̀ kó tó mọ ibi tí yóò yà sí.

Kí ló dé tí kò sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀? Ó ní ẹnì kan wà tó ti fẹ́ rìnrìn-àjò lọ kàwé nígbà náà, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀. Bí òun bá sọ, ẹni náà kò ní lọ.

Ìyá rẹ ní kí n yọ ẹni yìí kúrò, kí n fi ẹlòmíràn dí i. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti bébà náà. Ṣùgbọ́n ìwọ lo ní àmánà ni. O ní bí irọ́ kan bá wọ inú méjìlá, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́. Mi ò lè jẹ́ ẹni tó máa ba iṣẹ́ rẹ jẹ́.

Ààwẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà. Jẹ sàárì dáadáa, má fi tíì lásán gbààwẹ̀.

Bàbá rẹ.


Glasgow,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú ààwẹ̀. Mo kí màmá mi.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ka ẹni keje. Mo kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀, mi ò mọ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dé òpin ọ̀nà, awakọ̀ ní kí n sọ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí n jókòó díẹ̀ sí i. Ó wo ojú mi, ó pa iná ẹ́ńjìnnì.

Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Ọdún mẹ́rìnlélógún. Ata ní Àtàláátà. Ṣé ẹ rò pé mi ò ní mọ̀ yín ni, bàbá mi? Àbí ẹ fẹ́ kí n mọ̀?

Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi ń béèrè pé "Ilé-iṣẹ́ ńkọ́?" tí ẹ ń dá mi lóhùn pé ẹ dúpẹ́. Mo ń ka ìtàn àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ní orílẹ̀-èdè mọ́kànlélógún, mi ò mọ̀ pé ọ̀kan wà nínú ilé wa. Ẹ sì mọ ohun tó dùn mí jù? Mo tẹ ìdáhùn yín sínú kọ̀ǹpútà bí mo ṣe tẹ ti àwọn tó kù. Nítorí wákàtí kan àbọ̀ yẹn àti ata, ó kọ ọ́ síwájú yín pé "ó níṣẹ́." Mo jókòó, mo ń wò ó. Òfin ìṣirò ni, kò sí ẹni tó ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mò ń rí, tí ẹ dúró sí ìta, tí ẹ ò mọ ibi tẹ́ ẹ máa yà sí.

Òótọ́ ni pé tí ẹ bá sọ fún mi nígbà yẹn, mi ò ní lọ. Ṣùgbọ́n èmi ló yẹ kí n pinnu rẹ̀. Ẹ bá mi pinnu láì bi mí. Màmá mi náà bá yín gbé e pamọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi lórí fóònù.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan wà ní òpópónà kejì sí tèmi. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà pé àwọn ń wá òṣìṣẹ́. Mo fẹ́ dá ìwé dúró fún ọdún kan, kí n ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí n máa fi nǹkan ránṣẹ́ sílé. Ẹ má sọ pé rárá. Ẹ jẹ́ kí n ràn yín lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré.

Ẹ dá mi lóhùn.

Qudrah.


Glasgow,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Bàbá mi,

Ó di ọjọ́ mẹ́tàlá. Àmì búlúù méjì ti wà lábẹ́ lẹ́tà mi láti ọjọ́ tí mo ti fi ránṣẹ́, mo mọ̀ pé ẹ ti kà á. Mo pe fóònù yín, màmá mi ló gbé e, wọ́n ní ẹ ti sùn. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni.

Bí ohùn mi bá ga jù nínú lẹ́tà yẹn, ẹ forí jì mí. Mi ò tíì gba iṣẹ́ ilé arúgbó yẹn. Ẹnu yín ni mò ń wò. Tí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ bú mi, ẹ kọ èébú náà ránṣẹ́, màá fi ṣínu.

Ọmọ yín,
Qudrah.


Gàmbàrí,
Ogúnjọ́ oṣù Kẹta.

Qudrah,

Èmi ìyá rẹ ni. O mọ̀ pé ìwé kíkọ kì í ṣe tèmi. Ohùn mi ni mo fẹ́ gbà sílẹ̀ fún ọ, ṣùgbọ́n bàbá rẹ wà ní yàrá kejì, yóò gbọ́.

Kò bínú sí ọ. Ojú ló ń tì í. Lójoojúmọ́ tí a bá ti jẹ sàárì tán, á mú bébà àti bírò, á jókòó sórí ẹní. Á kọ, á fà á ya. Láàárọ̀ àná mo bi í, mo ní, "Bàbá Qudrah, kí lẹ ń wá nínú bébà yìí?" Ó ní, "Ìlà àkọ́kọ́ ni."

O ní mo ń rẹ́rìn-ín sí ọ lórí fóònù. Bẹ́ẹ̀ ni. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tán, màá wá wọ ilé ìdáná lọ. Ó mú mi búra lọ́jọ́ tó gbé páálí ọṣẹ yẹn dé. Ṣé o rò pé ó dùn mọ́ mi kí ọkọ mi máa ya Ipata láàárọ̀ bí ẹni tó sọ nǹkan nù?

Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa. Bí o bá dá ìwé dúró nítorí rẹ̀, o ti pa á lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Má fọwọ́ kan iṣẹ́ arúgbó yẹn. Ṣe sùúrù fún bàbá rẹ. Ẹni tó fi ọdún mẹ́rìnlélógún gbọ́ ariwo ẹ̀rọ, kì í tètè gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Mo ti bá ọ wá gàrí. Ẹnì kan ń bọ̀ lọ́hùn-ún lẹ́yìn ọdún, màá fi rán an.

Ìyá rẹ,
Jummai.


Gàmbàrí, Ìlọrin,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹrin, ọdún 2025.

Àwẹ̀ró, ọmọ mi,

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. Ìlà àkọ́kọ́ tí mo ń wá láti oṣù tó kọjá nìyẹn. Ó pẹ́ kí n tó rí i, nítorí mi ò rí i kí bàbá tèmi kọ ọ́ sí mi rí.

O bi mí bóyá mo fẹ́ kí o mọ̀. Mi ò mọ̀. Mo mọ̀ pé mo lè purọ́ fún ọ lórí fóònù, mo ti ń ṣe é láti oṣù Kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi bírò sórí fọ́ọ̀mù rẹ, ọwọ́ mi kò gbà. Gbogbo àwọn tí mo bi léèrè ló sọ òótọ́ fún mi. Obìnrin aránṣọ yẹn sunkún níwájú mi. Mi ò lè kó òtítọ́ wọn jọ, kí n wá fi irọ́ tèmi dè é.

Jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe wá rí.

Lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀, a kírun tán ní Yídì, mo bá Habibullah pàdé lábẹ́ igi. O mọ̀ ọ́n, òun ló ń gbé àpótí sáká ní mọ́sáláṣí wa, sáfù kan náà la máa ń tò sí láti kírun. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Ṣàmsú, barka de Sallah. Ilé-iṣẹ́ ńkọ́?" Bó ṣe máa ń béèrè lọ́dọọdún nìyẹn. Mo ti la ẹnu láti ní ó ń lọ. Lẹ́tà rẹ tí mo ní kí wọ́n tẹ̀ jáde fún mi wà nínú àpò agbádá mi. Mo ní, "Habibullah, mi ò sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti dá mi dúró láti oṣù Kẹsàn-án."

Kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó ní, "A mọ̀."

Mo ní, "Ẹ̀yin ta ni?"

"Gbogbo sáfù kejì."

Àwẹ̀ró, bí ilẹ̀ bá là, màá wọlé. Mo bi í pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Báwo la ṣe máa bá ọ sọ ọ́? Agogo mẹ́fà àbọ̀ lo ń jáde. Bí a bá kí ọ, o ní ò ń lọ síbi iṣẹ́. Ta ló máa fi iṣẹ́ lọ ẹni tó ní òun níṣẹ́?"

Ó wá sọ fún mi. Ilé-ìwòsàn kékeré tí ìjọ mọ́sáláṣí wa dá sílẹ̀, ọkùnrin tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ omi wọn ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Kàdúná láti ìparí oṣù Rájábù. Wọn kò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Fíríìjì wọn kò ríná lò mọ́, yìnyín ni àwọn nọ́ọ̀sì ń rà lójoojúmọ́ láti fi tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé. Habibullah ló bẹ àwọn ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n má tíì kéde rẹ̀, kí wọ́n má tíì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibì kankan. Ó ní, "Èmi ni mo ní kí wọ́n dúró dè ọ́. Mo rò pé láàárín oṣù kan, o kò ní lè pa á mọ́ra mọ́. O pa á mọ́ra ju bí mo ṣe rò lọ, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pe ẹlòmíràn."

Bá mi sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ. Àyè iṣẹ́ kan ṣófo ní Ìlọrin fún oṣù méjì. Kò sí lórí pátákó, kò sí lórí fóònù, kò sí àkọsílẹ̀ tó lè rí i. Ẹni tí wọ́n fi í pamọ́ dè sì ń kọjá níwájú ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láràárọ̀, ó ń sáré lọ síbi tí kò sí.

Mo délé, mo sọ fún ìyá rẹ. Ó bu ìrẹsì ọdún fún mi, ó sì bu ẹran tirẹ̀ sórí tèmi.

Mo bẹ̀rẹ̀ ní Àtìní tó kọjá. Owó rẹ̀ kò tó ti ilé-iṣẹ́ ọṣẹ, ṣùgbọ́n ó tó wa jẹ, nítorí náà ọ̀rọ̀ ilé arúgbó ti parí. Bí o bá fẹ́ tọ́jú arúgbó, parí ìwé rẹ kí o wá tọ́jú wa. Padà sídìí iṣẹ́ rẹ. Oṣù Kẹjọ máa tó dé, mo ti sọ fún àwọn tó kù pé a ó tún padà bi wọ́n. Ọ̀dọ́kùnrin onísìmẹ́ǹtì yẹn ti ń bi mí pé ìgbà wo ni.

Ẹ̀rọ omi wọn kò le, rọ́bà wáṣà rẹ̀ ló jẹ, mo pààrọ̀ rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Jẹnẹrétọ̀ ni wàhálà. Irú rẹ̀ kò sí nílé-iṣẹ́ wa. Èyí tí mo mọ̀, etí ni mo fi ń gbọ́ ohun tó ń ṣe é. Eléyìí, ó ní ojú dúdú kan níwájú bí ojú fóònù. Bí mo bá tan án, á kọ lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà, á sì kú. Mo dúró tì í fún wákàtí méjì. Nọ́ọ̀sì àgbà jáde wá, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti mọ ohun tó ń ṣe é?"

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi jẹ́ ẹni tí wọ́n ń pè tí gbogbo èèyàn bá ti wò ó tì. Mo wo obìnrin náà. Mo ní, "Rárá, mi ò mọ̀ ọ́n."

Ó ní kò burú, yìnyín ti lónìí wà. Ó padà wọlé.

Mo ya fọ́tò ojú dúdú yẹn fún ọ, àti ti irin pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí. O ní kí n jẹ́ kí o ràn mí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Bá mi wá ìwé ẹ̀rọ yìí. Bó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ló ki, túmọ̀ ibi tó bá le fún mi, díẹ̀díẹ̀ ni kí o máa fi ránṣẹ́. Ṣe é kíákíá, ọmọ mi, abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ wà nínú yìnyín.

Bàbá rẹ,
Ṣàmsúdéènì.